Ẹ Fún Ère Tó Sán Ní Máàkì

Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní Ìbàdàn. Amọ̀ àti wáyà ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ère mímọ. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín, n ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó máa ṣàlàyé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí ọ̀nà tí a fi ń fún ọmọ ní máàkì lórí iṣẹ́ ọnà padà. Bó ṣe wà báyìí, ère tó pé, tó dúró, tó ń dán, òun ló ń gba máàkì. Èyí tó sán, èyí tó wó, èyí tó bú gbàù nínú iná, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ń dà á sí, ọmọ tó mọ ọ́n á sì gbé òdo relé. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ère tó bàjẹ́ náà wọ ìwé máàkì, bí ọmọ tó mọ ọ́n bá lè sọ ohun tó bà á jẹ́, tó sì lè sọ ohun tí òun yóò ṣe bí òun bá tún un mọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ètò tó wà nílẹ̀ ń fi àwọn ọmọ ṣe. Kò sí òbí tí kò mọ̀ ọ́n. Bí sáà bá ti ń lọ sópin, olùkọ́ á ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá. Ìyá rẹ̀ á ní irú èwo, ọmọ á ní ère ni. Ọ̀rọ̀ di ọjà. Bí kò bá di ọjà, bàbá á wá agbẹ́gilére kan lọ ládùúgbò, á sanwó fún un. Nígbà tó bá dọjọ́ kejì, ọmọ á gbé ère tí kò mọ orí kò mọ ìdí rẹ̀ síwájú olùkọ́. Olùkọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá kò tíì lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ á kọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá sí i. Ọmọ tó jókòó sẹ́yìnkùlé wọn, tó fọwọ́ ara rẹ̀ po amọ̀, tó fi wáyà ṣe ẹsẹ̀ ẹran, tí ẹsẹ̀ ẹran náà wá kán kó tó dé ilé ìwé, òdo ni tirẹ̀. Kí ni àwọn ọmọ méjèèjì yìí kọ́? Wọ́n kọ́ pé owó mọ ère ju ọwọ́ lọ. N kò dá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi lẹ́bi. Ọmọ kún kíláàsì wọn fọ́fọ́, ìwé máàkì tí a gbé lé wọn lọ́wọ́ kò sì ní àyè fún ohunkóhun ju èyí tí ojú rí lórí tábìlì lọ.

Ẹ bá mi wo ewúrẹ́ kan dáadáa. Ọmọbìnrin kan ní JSS 2 ló mọ ọ́n. Báíńdìn wáyà tí àwọn tó ń di irin fi ń so rọ́ọ̀dù mọ́ra níbi ilé kíkọ́ ló fi ṣe egungun rẹ̀. Ó lọ́ wáyà méjì pọ̀ fún ọ̀pá ẹ̀yìn, ó so ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn, ó wá gbé ọrùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ewúrẹ́ yìí ti gbọ́ òórùn èèpo iṣu. Ó da amọ̀ bò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi ìka tó tutù dán ara rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà, ó sì gbé e sóòrùn kó lè tètè gbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo kíláàsì ló ń yìn ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọrùn ewúrẹ́ ti sán yí po, orúnkún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti là, amọ̀ ẹsẹ̀ òsì tẹ̀yìn ti já bọ́ pátápátá, ó wá ku wáyà lásán.

Ọwọ́ ọmọ náà ti kan ère yìí láti gbé e jù nù kí n tó sọ pé kó mú ọ̀bẹ wá. A la ikùn ewúrẹ́ náà sí méjì. Ara rẹ̀ lóde ti gbẹ, ó ti ń funfun. Inú lọ́hùn-ún ṣì tutù, ó dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀bẹ. Wáyà tó gba àárín kọjá wà bó ṣe wà, kò gùn sí i, kò kúrú. Omi inú amọ̀ ló ń jẹ́ kí amọ̀ ṣeé mọ, bí omi yẹn bá sì ti ń jáde, amọ̀ á máa súnkì. Èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 nígbà tó tutù lè di 9 àti ààbọ̀ bó bá gbẹ, òmíràn á tilẹ̀ dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà kì í súnkì ní tirẹ̀. Amọ̀ fẹ́ kúrú, wáyà ò gbà fún un, amọ̀ ò sì lágbára tó lè fi fa wáyà, ni ó bá ya. Ọrùn àti orúnkún ló kọ́kọ́ ya nítorí pé ibẹ̀ ni amọ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Oòrùn wá dá kún ọ̀rọ̀ náà, ó gbẹ awọ ara kí inú tó gbọ́.

Ọmọbìnrin yìí ronú títí, ó wá ní: “Tíṣà, bí wáyà ò bá fẹ́ súnkì, ṣé a ò lè fi nǹkan tó rọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì ni?” Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìbéèrè yìí. Èmi kọ́ ni mo fi kọ́ ọ, mi ò sì rí i kà nínú ìwé iṣẹ́ ọnà àti àṣà (CCA) kankan tí àwọn ọmọ ń gbé wá. Ọrùn tó sán ló bí i. A fi àkísà wé wáyà èyí tó mọ tẹ̀ lé e, kí amọ̀ lè rí ohun rírọ̀ fún mọ́ra bó bá ń kúrú. Ọrùn kò sán mọ́. Àmọ́ ikùn wó sílẹ̀, nítorí amọ̀ rẹ̀ wúwo jù fún wáyà tó gbé e, gbogbo rẹ̀ sì ń yọ̀ wá sísàlẹ̀ bíi kó kúrò lára egungun. Ìyẹn ló kọ́ ọ láti so igi tíńtín méjì-méjì ní àgbélébùú, kó fi wáyà gbé wọn kọ́ sínú ikùn kí amọ̀ lè rí nǹkan dì mú. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ère tí òun bá fẹ́ sun, òun kò ní fi wáyà sí i mọ́ rárá. Ó ní òun á kọ́kọ́ fi wáyà ṣe àwòṣe kékeré láti mọ bí ẹran ṣe ń dúró, òun á wá mọ èyí tó máa wọná ní oníhò nínú, òun á fi ọ̀rá bò ó kó lè máa gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn ọ̀mọ̀ràn iṣẹ́ ère ń gbà káàkiri ayé nìyẹn o. Ọmọ JSS 2 fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Bí a bá fi ìwé máàkì tó wà nílẹ̀ báyìí wọ̀n ọ́n, ewúrẹ́ kìn-ín-ní òdo, ìkejì òdo. Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ibo ni ó tún yẹ kí ọmọdé ti kọ́ wíwo ẹ̀yìn bí kò bá ṣe ilé ìwé?

Iná ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì le ju ti oòrùn lọ. Ọmọkùnrin kan mọ orí èèyàn ní kìkì amọ̀, kò dá ihò sí i nínú, ó sì kó o wọ inú iná pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Nígbà tí iná mú dáadáa, ó bú. Ó fọ́ etí ère tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ju ọwọ́ ti apá òsì nù. Inú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ru, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú. A ní kí wọ́n ṣa àwọn èéfọ́ náà jọ, kí wọ́n tò wọ́n sórí ẹní láti èyí tó fẹ́lẹ́ jù dé èyí tó nípọn jù. Èyí tó fẹ́lẹ́ kò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn tó nípọn ló rún. Wọ́n rí i fúnra wọn pé omi tó há sínú amọ̀ tó nípọn ti hó, ó ti di ooru, ooru náà ń wá ọ̀nà, kò rọ́nà, ó wá fipá là á. Ní 100 lórí òṣùwọ̀n ooru Celsius ni omi ń hó, iná ìsunkòkò sì ń lọ jìnnà rékọjá bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọkùnrin yìí ti máa ń gbé ère kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó tó kó o fún ẹni tó ń dáná. Bó bá ṣì tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìdánwò yìí lágbára, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Ọmọ mìíràn fi wáyà alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n yọ nínú okùn iná mànàmáná ṣe ìwo ère rẹ̀. Ìwo kò sí mọ́ nígbà tí a kó ère jáde, ẹ̀kán alumíníọ́ọ̀mù kékeré kan ló wà nídìí ère náà. Alumíníọ́ọ̀mù ń yọ́ ní 660, bàbà dé 1085 kó tó yọ́, irin kọjá 1500. Mo mọ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó ti kọ irú nọ́ńbà báwọ̀nyí sójú pátákó lọ́dọọdún, tí ọmọ ń dà wọ́n kọ, tí wọ́n sì ń gbàgbé wọn. Ọmọ tó pàdánù ìwo kò ní gbàgbé tirẹ̀.

Ẹ má rò pé èrò òkèèrè ni mo ń gbé wá bá yín. Àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ti mọ̀ pé ohun tó fọ́ níṣẹ́ í ṣe. Ẹ lọ sí Ìpetumodù, ẹ lọ sí Ìsàn Èkìtì, ẹ kọjá sí àdúgbò Dada ní Ìlọrin. Ìkòkò tó sán nínú iná kì í bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á mọ̀ bóyá amọ̀ ni, bóyá afẹ́fẹ́ ló yí iná padà, bóyá ìkánjú ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn amọ̀kòkò a máa gún àpáàdì, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Ìdí rẹ̀ ni pé àpáàdì tó ti jóná kò ní súnkì mọ́. Bó bá wà káàkiri inú amọ̀ tuntun, bó ṣe máa súnkì tó yóò dín kù, omi á sì rí ojú ọ̀nà gbà jáde. Ohun tó fọ́ lánàá ni kò jẹ́ kí tòní fọ́. Orí tó bú gbàù yẹn, a gún un, a sì fi àpáàdì rẹ̀ sínú amọ̀ gbogbo kíláàsì. Inú àwọn tí wọ́n fẹ́ lù ú tẹ́lẹ̀ rọ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa to àpáàdì ní ìdúró-ìdúró sínú ilẹ̀, wọ́n fi ṣe ojú àgbàlá àti ojú ọ̀nà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ìtàn sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀. Ìlú yìí kan náà tó fi èéfọ́ ìkòkò tẹ́ ilẹ̀ ló mọ àwọn orí amọ̀ tí gbogbo ayé ń lọ wò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, láti bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ráyè wo ọ̀kan nínú àwọn orí wọ̀nyẹn láti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, pé ara rẹ̀ sì dọ́gba ní nínípọn. Ẹni tó mọ̀ pé orí gbọ́dọ̀ ṣófo, tó mọ bí etí ṣe yẹ kó nípọn sí, kò lè jẹ́ pé ọjọ́ kan ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó bú nínú iná kí ọwọ́ tó dé bẹ́ẹ̀ kò sí nínú gíláàsì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èyí tó pé nìkan ni à ń fi han àwọn ọmọ nígbà tí a bá kó wọn lọ ìrìn àjò ẹ̀kọ́, ọmọ á wá rò pé bí wọ́n ṣe ń bí oníṣọ̀nà nìyẹn, pẹ̀lú ọwọ́ tí kì í ṣì í. Ó dùn mí púpọ̀. Ọmọ tí ère rẹ̀ sán á padà sílé, á sọ pé òun kò ní ẹ̀bùn.

Àwọn tó wà lókè òkun náà kò yàtọ̀. Edgar Degas, oníṣọ̀nà kan ní Paris, fi ìda, amọ̀ àti wáyà mọ ẹṣin àti àwọn ọmọbìnrin oníjó láìmọye. Ẹyọ kan péré ló gbé síta fún aráyé nígbà ayé rẹ̀, ọmọbìnrin oníjó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní 1881. Nígbà tó kú ní 1917, nǹkan bí 150 ère ni wọ́n bá nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ti wó, ọ̀pọ̀ ti fọ́. Wọ́n fi idẹ dà èyí tó lé ní 70 nínú wọn lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ẹ́síréè wo inú wọn, wọ́n bá wáyà tó lọ́, kọ́ọ̀kì ìgò ọtí wáìnì, àti ìdí búrọ́ọ̀ṣì tó fi ti apá oníjó rẹ̀ ró. Gbogbo ayé ló ń pọ́n ọn lé, síbẹ̀ ó ń wá ohun tí yóò gbé apá ère dúró nínú pàǹtírí ilé iṣẹ́ rẹ̀. Àwòrán ẹ́síréè yẹn wúlò fún ọmọ ju ère tó ń dán lọ, mo sì máa ń fi han àwọn tèmi.

Ìtàn kan tún wà tó kan ẹ̀yin aláṣẹ gan-an. Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Ìlú Ọba, dé Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ní 1942 láti máa ṣiṣẹ́ ìkòkò ní Achimota. Ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Alajo kò yọrí sí rere, wọ́n tì í ní 1945. Ó kọjá sí Vume létí odò Volta, ó tún gbìyànjú, ìyẹn náà kò gún, àìsàn sì lé e padà sílé ní 1948. Bí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wo ìwé máàkì rẹ̀, òdo méjì lẹ ó rí. Àmọ́ ìjọba Nàìjíríà gbà á síṣẹ́ ní 1951. Ó dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja ìgbà yẹn, tí à ń pè ní Suleja lónìí. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali wọlé sí ní 1954, obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20 tó wà lápò gbogbo wa, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti di ohun tí ayé ń wá. Ní 1969, Cardew tẹ ìwé kan tó ń jẹ́ Pioneer Pottery jáde, ó fi ṣàlàyé amọ̀, eérú àti ààrò fún ẹni tó bá wà níbi tí kò ti sí ohun èlò tí à ń rà. Ta ni ì bá lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí kò bá ṣe ẹni tí Alajo àti Vume ti kọ́? Ẹnìkan nínú ọ́fíìsì ìjọba ni kò jẹ́ kí àṣìṣe ọkùnrin yìí dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ fún àwọn ọmọ wa.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín á ní iṣẹ́ ọnà lásán lèyí, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló ká wa lára. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Àwọn ère ńlá tí Susanne Wenger, ẹni tí wọ́n mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀, irin wà nínú púpọ̀ wọn, sìmẹ́ǹtì àti ẹrẹ̀ sì wà lára wọn. Adébísí Àkànjí tó wà lára wọn, bíríkìlà ni kó tó di ẹni ayé mọ̀ nídìí ère. Òjò ń wọ inú àwọn ère náà, irin ń dípẹtà, ìpẹtà sì ń gba àyè ju irin tó bí i lọ. Bó bá ti ń wú, ó ń ti sìmẹ́ǹtì láti inú títí á fi là. Wáyà tí kò súnkì ló la ewúrẹ́ ọmọ wa, irin tó ń wú ló ń la ère Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá fẹ́ tún ère wọ̀nyẹn ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lè ka ojú sísán kó mọ ibi tó ti wá. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà wa ló lè kà á?

Ilé tí à ń gbé náà, irin nínú kọnkéré ni. Ohun tó jẹ́ kí àwọn méjèèjì lè máa bá ara wọn gbé ni pé bí ooru bá mú wọn, bí irin ṣe ń gbòòrò sí àti bí kọnkéré ṣe ń gbòòrò sí súnmọ́ra púpọ̀. Èyí yóò tètè yé ọmọ tó ti rí amọ̀ àti wáyà tó ń bá ara wọn jà. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tó pa èèyàn tó lé ní ogójì, ohun tó gba gbogbo ẹnu ni ta ló jẹ̀bi. Ó yẹ ká béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kù, kí ló kọ́kọ́ já, kí ló sì mú un já, kì í pẹ́ lẹ́nu wa. A ò kọ́ ọ nílé ìwé. Àlàpà ni à ń kó kúrò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń gbá èéfọ́ amọ̀ sẹ́yìn kíláàsì.

Ohun tó wà lábẹ́ agbára yín pọ̀. Ìdánwò àṣejáde JSS 3 wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ yín, máàkì CA tí àwọn olùkọ́ ń gbà jọ láàárín sáà náà wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ìdajì máàkì iṣẹ́ ère jẹ́ ti ìrìn tí ọmọ rìn: àwòrán tó kọ́kọ́ yà, wáyà tó kọ́kọ́ tẹ̀, èyí tó sán, àti àlàyé ẹnu rẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kó sọ ọ́ ní Yorùbá bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí kíláàsì iṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan ní pẹpẹ kan tí wọ́n á máa to ère tó bàjẹ́ sí, pẹ̀lú bébà kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ìdí. Àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn á bá a níbẹ̀. Ẹ fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má mú iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n rà wá, kí ọmọ ṣe tirẹ̀ nílé ìwé lójú olùkọ́.

Àwọn ìyá amọ̀kòkò tó wà ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ pè wọ́n wá, kí ẹ sì sanwó fún wọn bí ẹ ṣe ń sanwó fún olùkọ́. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ń dáná ìkòkò kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnìkan bi mí léèrè bóyá èyí kò ní sọ ọmọ di ọ̀lẹ, kó máa fọ́ ère kó lè gba máàkì. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá fọ́ ère ní tìkanra kò ní lè ṣàlàyé ojú sísán. Ojú sísán kì í purọ́, olùkọ́ tó bá ti mọ amọ̀ á mọ̀ ọ́n bó bá kàn wò ó. Ní ti owó, amọ̀ wà létí odò àti lákùrọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, báíńdìn wáyà díẹ̀ a sì tó kíláàsì kan fún sáà kan. Ère tí a kò sun, tó bá gbẹ, tí ó bá sán, ẹ da omi sí i, á tún padà di amọ̀. Ìwé kíkà tí a ń rà lọ́dọọdún kò ní irú àǹfààní yìí. Ní ti iná, kò pọn dandan kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan dáná tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó ère lọ sọ́dọ̀ àwọn amọ̀kòkò lẹ́ẹ̀kan ní sáà, kí àgbà dáná, kí ọmọ dúró lókèèrè wo iná. Ohun tó le jù lọ ni iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ère ní ẹgbẹ́ márùn-ún márùn-ún. Àríyànjiyàn tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn nígbà tí ère bá wó, ìdajì ẹ̀kọ́ ni.

Ẹ tún wo oníṣọ̀nà El Anatsui, tó fi Gánà sílẹ̀ wá kọ́ni ní Nsukka ní 1975. Ìkòkò fífọ́ ló fi ṣe iṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó sì wá fi wáyà bàbà so ìdérí ìgò ọtí pọ̀ di aṣọ ńlá tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ayé ń dù. Ní 2015, àfihàn iṣẹ́ ọnà Biennale ní Venice fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Àpáàdì àti wáyà, ohun tí ìwé máàkì wa máa ń dá padà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ṣakí, ó wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ìkàrẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òdo lé e kúrò nídìí amọ̀ kó tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, kí ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó wọlé, ẹ mú ilé ìwé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìwé máàkì tuntun yìí dán kíláàsì JSS 1 wò. Kí àwọn alábòójútó yín wo pẹpẹ èéfọ́ nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, kí wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Àwọn ère tó sán tí a ti kó jọ lọ́dọ̀ mi wà nínú àpótí, bébà tí àwọn ọmọ kọ sí wọn lára kò tíì yọ. Ọjọ́ yòówù tí ẹ bá rán òṣìṣẹ́ wá, àwọn ọmọ tó mọ wọ́n ni yóò ṣàlàyé wọn fún un.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ọmọ,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan,
Ìbàdàn.